Bí mo ṣe ń ta kọ̀ǹpútà láìkó ọjà jọ
Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Under-G, lẹ́bàá yunifásítì LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀nà tí Michael Dell, ẹni tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Dell sílẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ ní yàrá tó ń gbé ní yunifásítì ní Texas lọ́dún 1984 ni mò ń tọ̀: oníbàárà á kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó to ẹ̀rọ fún un, kò sì sí alágbàtà láàárín.

Ẹ bi oníbàárà ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi í ṣe. Ẹni tó ń tẹ ìwé nìkan kò nílò ohun tí ẹni tó ń ya àwòrán ilé nílò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), SSD (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí), bátìrì.

Ẹ gba owó kí ẹ tó ránṣẹ́ sí ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, l'Ékòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré èyí. Mo ti ra láptọ́ọ̀pù mẹ́jọ sílẹ̀ rí. Kí n tó ta mẹ́ta, iye wọn ti wálẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mi sì há síbẹ̀. Bíi tòmátì ni kọ̀ǹpútà rí, kì í pẹ́ lórí àtẹ kó tó rọ̀.

Tí ẹrù bá dé, ẹ tan án fún wákàtí méjì kí olówó rẹ̀ tó wá gbé e. Ẹ lẹ nọ́ńbà fóònù yín mọ́ ọn, torí ọ̀dọ̀ yín ló máa gbé e padà sí bó bá yọnu.