Gálọ́ọ̀nù Ibo Ni? Bí A Ṣe Ń Yí Àwọn Òṣùwọ̀n Àtijọ́ Padà

Kí o tó fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, kọ́kọ́ wádìí ibi tí òṣùwọ̀n náà ti wá. Gálọ́ọ̀nù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 4.54609. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785411784. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣírò èkejì ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ṣì í, kò sì sí ohun tó máa ta á lólobó nínú ìṣirò náà.

Kí ó tó di 1824, gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹyọ kan lọ. Ti wáìnì jẹ́ íńṣì kúbíìkì 231, ti bíà jẹ́ 282, ti ọkà sì wà ní nǹkan bí 268.8. Òfin ọdún 1824 pa gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan: àyè tí omi tó wúwo tó páùn mẹ́wàá máa gbà. Amẹ́ríkà kò bá wọn lọ síbẹ̀. Gálọ́ọ̀nù wáìnì ni wọ́n ń lò títí dòní. Tí ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà lọ́wọ́ rẹ bá ti wà ṣáájú òfin yìí, má fi 4.54609 ṣírò rẹ̀. Wo ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú ìwé náà, òun ló máa sọ irú gálọ́ọ̀nù tó jẹ́.

Ní ilẹ̀ méjèèjì, gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ kọ́ọ̀tì mẹ́rin, kọ́ọ̀tì kan sì jẹ́ páìntì méjì. Orí páìntì ni ọ̀nà ti pínyà. Páìntì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní áúnsì olómi 20. Ti Amẹ́ríkà ní 16. Ìyẹn ni pé áúnsì 160 ló wà nínú gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì kan, tí ó sì jẹ́ 128 nínú ti Amẹ́ríkà. Ohun tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé áúnsì Amẹ́ríkà tóbi ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gálọ́ọ̀nù wọn ló kéré.

Wo ohun tí èyí ń fà. Ìlànà oògùn kan ní kí o po áúnsì mẹ́ta mọ́ gálọ́ọ̀nù omi kan. Tí ìlànà náà bá ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, mílílítà 18.75 ni o máa fi sí lítà kan. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ó di 23.44. Oògùn náà fi ìdá mẹ́rin kan le ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára ìgò méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti ṣe oògùn náà ni kó o wò, kó o tó wo nọ́ńbà.

Ọ̀nà tí a fọkàn tán jù ni kí o máa gba ti lítà kọjá. Má ṣe há ìlànà Gẹ̀ẹ́sì sí Amẹ́ríkà tààrà sórí. Sọ ọ́ di lítà, kí o wá ti inú lítà bọ́ sí èyí tí o ń fẹ́. Àwọn iye tí o nílò nìyí:

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: gálọ́ọ̀nù, lítà 4.54609, kọ́ọ̀tì, lítà 1.13652, páìntì, mílílítà 568.26, áúnsì olómi, mílílítà 28.413.
Amẹ́ríkà: gálọ́ọ̀nù, lítà 3.785412, kọ́ọ̀tì, lítà 0.946353, páìntì, mílílítà 473.18, áúnsì olómi, mílílítà 29.574, ife, mílílítà 236.59, àgbá epo rọ̀bì, gálọ́ọ̀nù 42, ìyẹn lítà 158.987.

Tí o bá ń lọ sí lítà, sọ ọ́ di púpọ̀. Tí o bá ń kúrò nínú lítà, pín in. Ká ní o ní gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì 250. 250 × 4.54609 fún ọ ní lítà 1,136.52. Fi 3.785412 pín in, ó di gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà 300.24. Bi ara rẹ bóyá ó bọ́gbọ́n mu: òṣùwọ̀n tó kéré ni o ń lọ sí, nítorí náà iye gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Tó bá dín, o ti pín níbi tó yẹ kí o ti sọ di púpọ̀.

Má ké nọ́ńbà kúrú lágbedeméjì. Tí o bá lo 4.5 àti 3.8 nínú ìṣirò òkè yìí, 296 ló máa jáde, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ti sọnù. Ìparí ni kí o tó ké e.

Máìlì tí ọkọ̀ ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan máa ń yí ìlànà yìí po, torí gálọ́ọ̀nù wà nísàlẹ̀ ìdá. Ọkọ̀ tó ń rin máìlì 40 lórí gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì ń rin 33.3 péré lórí ti Amẹ́ríkà. Ọkọ̀ kan náà ni, epo tí wọ́n bù fún un ló dín.

Fún táǹkì onígun mẹ́rin, inú rẹ̀ ni kí o wọ̀n, má wọn ẹ̀yìn, kí o sì wọn gíga rẹ̀ dé ibi tí omi máa dúró. Ẹsẹ̀ bàtà 4 × 3 × 2.5 jẹ́ ẹsẹ̀ kúbíìkì 30. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ lítà 28.3168, nítorí náà lítà 849.5 ni. Tó bá jẹ́ íńṣì lo fi wọ̀n ọ́n, 1,728 ni o máa fi pín in kó tó di ẹsẹ̀ kúbíìkì. Àwọn tó ń fi 12 pín in gbàgbé pé ìhà mẹ́ta ni wọ́n wọ̀n.

Ohun gbígbẹ ní tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo páìntì kan fún omi àti ọkà, ṣùgbọ́n páìntì gbígbẹ Amẹ́ríkà jẹ́ mílílítà 550.6. Búṣẹ́ẹ̀lì wọn, ìyẹn òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkà, jẹ́ lítà 35.239, ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 36.369. Ìwọ̀n wọ̀nyí dá lórí kí o fi igi gbá ojú rẹ̀ dọ́gba. Tó bá ní òkìtì lórí, ìṣirò ti yẹ̀. Nínú òwò ọkà Amẹ́ríkà lónìí, ìwúwo gan-an ni búṣẹ́ẹ̀lì dúró fún: páùn 60 fún àlìkámà, 56 fún àgbàdo. Búṣẹ́ẹ̀lì 100 àlìkámà jẹ́ kílógíráàmù 2,722. Ti àgbàdo jẹ́ 2,540. Ẹni tí kò bá béèrè irú ọkà kò lè yí i sí tọ́ọ̀nù.

Láti inú àyè bọ́ sínú ìwúwo ni ewu ti pọ̀ jù. Ní oṣù Keje ọdún 1983, wọ́n fi 1.77 sọ lítà epo bàálù Boeing 767 kan ti Air Canada di púpọ̀, wọ́n sì ka èsì rẹ̀ sí kílógíráàmù. Páùn ni. Kílógíráàmù tó wà nínú lítà kan epo náà jẹ́ nǹkan bí 0.8. Epo tí bàálù náà gbé kò tó ìdajì èyí tó yẹ, ẹ́ńjìnnì méjèèjì sì kú lójú ọ̀run kí awakọ̀ tó rọra gbé e balẹ̀ ní Gimli, ìlú kan ní Kánádà, láìsí pé ẹ̀mí kan bọ́. Nítorí náà, kọ òṣùwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye tí o bá kọ, títí kan iye tí o fi ń sọ ọ́ di púpọ̀: “páùn 1.77 fún lítà kan”, kì í ṣe “1.77” lásán.