Bí agbọ́n bá ta yín: ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Abẹ́ páànù, orí igi máńgòrò àti ẹ̀yìn fèrèsé tí a kì í ṣí ni agbọ́n fẹ́ràn láti kọ́lé sí. Ìgbà téèyàn bá na ọwọ́ ká èso ló máa ń kàn án.

Ẹ kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ má dúró pa á, torí agbọ́n tí a tẹ̀ pa nítòsí ilé rẹ̀ máa ń tú òórùn kan jáde tó ń pe àwọn yòókù. Ọ̀kan ṣoṣo sì lè ta yín léraléra, nítorí ohun tó fi ń tani kì í sábà ṣẹ́ sára bíi ti oyin. Bí ẹ bá rí i tó há sára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oyin: ẹ fi èékánná ha á kúrò kíákíá.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ ló ta, ẹ bọ́ òrùka kó tó wú. Bí ìka bá ti wú tán, àfi kí wọ́n gé òrùka náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀.

Ohun tútù ló kàn, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Bí kò bá sí iná tí fíríìjì fi lè ṣiṣẹ́, ẹ ra omi inú ọ̀rá tó ti dì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ wé e, kí ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 20. Ẹ gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà sókè lórí ìrọ̀rí.

Àlùbọ́sà táwọn àgbà máa ń gé fi pa á kò burú, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ó ju omi tútù lọ. Kẹrosíìnì ni kí ẹ má fi kàn án, ó ń bó awọ. Ẹ má sì sín gbẹ́rẹ́ sí i; oró ò ní jáde, egbò lẹ máa fi dá sílẹ̀.

Parasitamọ́ọ̀lù wà fún ìrora, Piriton fún yíyún. Piriton máa ń múni sùn, ẹ má wakọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó. Ẹ má fún ọmọdé ní ásípírìn. Bó bá tún wú sí i lọ́jọ́ kejì, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn má họ ọ́.

Àmọ́ bí ètè tàbí ahọ́n bá ń wú, tí mímí ń ṣòro, tí ara sú wìnìwìnì káàkiri, tí ẹni náà ń bì tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì ló nílò, kò sí àgbo tó lè rọ́pò rẹ̀. Bákan náà ni bí agbọ́n bá ta á lẹ́nu tàbí lọ́fun, tàbí tí ọ̀pọ̀ bò ó. Ẹ jẹ́ kó dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí kò bá lè mí dáadáa, kó jókòó. Ní Nàìjíríà, ẹ pe 112, ṣùgbọ́n bí mọ́tò bá wà nítòsí, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ má fi ọ̀kadà gbé e, ẹni tí òòyì ń kọ́ lè já bọ́ lójú ọ̀nà.