Sípánà Tí Ọjọ́ Rẹ̀ Ti Kọjá: Òru Tí A To Bọ́ǹbù Mẹ́sàn-án Lẹ́ẹ̀mejì

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, tí mo padà sí Àkúrẹ́, síbẹ̀ inú mi ṣì máa ń ru bí mo bá rántí ìyà tí sípánà kan ṣoṣo fi jẹ mí ní òru ọjọ́ kan. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ìsíkàn a máa béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to bọ́ǹbù, ìtàn iná àti ariwo ni wọ́n sì máa ń retí. Ìtàn sípánà ni mo ní fún wọn. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀, láti ìgbà tí ìbúgbàmù ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020 ti fọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, tí ìjọba sì sọ pé ẹ̀tù ìfọ́kùúta tí wọ́n ń kó lọ ló bú.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣe ológun òfurufú ní òkè òkun, ní ẹ̀ka àwọn tí ń to bọ́ǹbù. A kì í fò, a kì í sì í so bọ́ǹbù mọ́ ọkọ̀ òfurufú. Ìyẹn jẹ́ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Àwa ni wọ́n ń kó ara bọ́ǹbù, ìrù àti fúúsì (ohun tí ń mú bọ́ǹbù bú) fún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí a ń sọ wọ́n di odindi, tí a sì ń fà wọ́n lé àwọn tí ń so wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí mò ń wí yìí, wọ́n ti kó wa lọ sí ibùdó kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí oòrùn ti ń mú irin gbóná débi pé ẹni tí kò wọ ìbọ̀wọ́ kò lè fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án, nítorí náà òru ni èmi àti àwọn márùn-ún tí mo jẹ́ olórí fún máa ń ṣiṣẹ́.

Bọ́ǹbù méjìlá ni wọ́n ní ká tò kí ilẹ̀ tó mọ́. Mk 82 ni gbogbo wọn, irú tí wọ́n ń pè ní oní-500 pọ́n-ùn, èyí tó tó kílò 227. Mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n máa ń dì wọ́n sórí pálẹ́ẹ̀tì, nítorí náà pálẹ́ẹ̀tì méjì péré ni iṣẹ́ wa. Ìrù JDAM ni a fẹ́ fi sí wọn, èyí tí ń fi sátẹ́láìtì GPS mọ̀nà, tí wọ́n kọ́kọ́ lò nínú ogun Kósófò ní ọdún 1999. Bí ìrù náà bá ti wọlé, orúkọ bọ́ǹbù náà yóò yí padà di GBU-38. Ẹ má retí pé kí n ròyìn bí a ṣe tú pálẹ́ẹ̀tì tàbí bí a ṣe yí wọn lórí irin oníròlà. A ti ṣe ìyẹn débi pé a lè ṣe é lójú oorun. Kìkì pé ìlà àwọ̀ ìyeyè tó yí imú bọ́ǹbù ká ló ń sọ pé ẹ̀tù gidi ló wà nínú rẹ̀, nítorí àwọ̀ búlúù ni wọ́n máa ń kun èyí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀tù inú ọ̀kan tó kílò 87. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń wo ìlà yẹn, bí ẹni pé ó lè yí padà nígbà tí mo bá ṣẹ́jú.

Sípánà oníwọ̀n ni a fi ń de bóòtù ìrù wọn, irú èyí tó máa ń dún “kẹ́” lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí bóòtù bá ti le dé ibi tí ìwé ní kó le dé. Bí ó bá dẹ̀ jù, ìrù yóò máa mì lójú òfurufú. Bí ó bá le jù, eyín bóòtù á já. Gbogbo èyí ni mo mọ̀, mo sì fara mọ́ ọn.

A ti to mẹ́sàn-án, aago mọ́kànlá kò sì tíì lù, nígbà tí ọ̀gá tí ń yẹ iṣẹ́ wò dé. Kò tilẹ̀ bojú wo bọ́ǹbù. Sípánà ló gbé sábẹ́ iná, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i. Gíríìsì ti bo sítíkà kékeré tó wà lára rẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò nù ún, ọjọ́ náà sì yọ: ọjọ́ àná ni.

Kí ẹ lè mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: lóòrèkóòrè ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé irú sípánà bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ìwọ̀n rẹ̀ wò, kí wọ́n sì lẹ ọjọ́ tuntun mọ́ ọn. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, òkú ni, ì báà máa dún “kẹ́” bí agogo. Gbogbo bóòtù tó sì ti dè lẹ́yìn ọjọ́ náà, ẹ ní láti tú u, kí ẹ tún un dè. Bọ́ǹbù mẹ́sàn-án!

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bí mi nínú gan-an ni pé a kò rí sípánà mìíràn gbà. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé irinṣẹ́ ti lọ jẹun, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Nígbà tó dé, tí kò tilẹ̀ tọrọ àforíjì, ó gbé sípánà kan jáde tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré sí iṣẹ́ wa. Mo dá a padà. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì gbé òmíràn jáde tó yẹ wá, tí ọjọ́ rẹ̀ ṣì kù dáadáa, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú ìwé pẹ̀lú ẹyọ kan. Ẹni tó kọ ìwé ló kọ 7 dípò 1, afọ́jú á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ó ní òun kò lè yọ̀ǹda rẹ̀ láìjẹ́ pé ọ̀gá òun bá fọwọ́ sí i, ọ̀gá rẹ̀ sì ti sùn. A pè é, kò gbé e. A rán ọmọ kan lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù kí sípánà tó bọ́ sí wa lọ́wọ́, àwọn ọmọ mi ti ń sùn lórí ìjókòó tírélà.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan ni yóò máa ka ìwé sókè, tí ẹlòmíràn yóò máa ṣe ohun tó kà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣe é látorí. Èyí tó kéré jù nínú wa ló ń kàwé, ohùn rẹ̀ sì ti há. Nígbà tí a dé ìkẹfà, mo rí i pé kò wo ìwé mọ́, ó kàn ń ké e bí oríkì ni. Mo ní kó fi ìka lé ìlà tó ń kà. Ó wò mí bí ọ̀tá, ó sì fi ìka lé e.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni a parí ìkejìlá, tírákítọ̀ àwọn tó fẹ́ kó wọn sì ti ń bọ̀ lókèèrè. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n dá padà. Ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀: láàárín gbogbo oṣù tí a lò níbẹ̀, kò sí bọ́ǹbù tí ọmọ lábẹ́ mi tò tí wọ́n dá padà.

Bí mo bá tún wà nídìí iṣẹ́ náà, sípánà méjì ni màá gbà láti ìrọ̀lẹ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ irinṣẹ́ bá fẹ́ kó bínú kú. Màá fi àkísà nu sítíkà kí n tó fọwọ́ sí ìwé, nítorí òótọ́ tó ń dùn mí jù lọ ni pé èmi ni mo fọwọ́ sí i nígbà tí a gba àpótí irinṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àṣà ojoojúmọ́ ti tàn mí. Síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wo là ń mú lọ síbi oúnjẹ?

Bàbá mi, tó ti ń tún mọ́tò ṣe ní Àkúrẹ́ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọdún 1976, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún un. Ó ní, “Irin náà mọ̀ pé àná ti kọjá ni?” Apá ló fi ń mọ̀ bí nọ́ọ̀tì bá ti le tó. Mo ra sípánà oníwọ̀n kan fún un nígbà tí mo dé, ó dúpẹ́ gidigidi, ó sì fi kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wo ìdí rẹ̀, mo ní, “Bàbá, èyí kò ní sítíkà o.” Ó wà lábẹ́ mọ́tò nígbà náà. Ó na ọwọ́ jáde, ó ní kí n fún òun ní sípánà 19.