Ọkọ̀ Oúnjẹ fún Aládùúgbò: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Ẹgbẹ́ Wa ní Àbújá

Lọ́dọọdún, bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ tuntun á yọ ní Kubwa, ní Lugbe, ní Karu àti Nyanya: ọmọ ìjọ kan, ẹgbẹ́ àdúgbò kan, àwọn ìyá àṣàlátù kan. Wọ́n á dáwó, wọ́n á háyà bọ́ọ̀sì, wọ́n á kó oúnjẹ lọ bá àwọn tí kò rí jẹ. Kó tó di oṣù Kẹta, owó ti tán, bọ́ọ̀sì ti dúró. Ọkàn wọn mọ́, a ò sì ní kí wọ́n má ṣe é. Ohun tó ń dùn wá ni pé àṣìṣe kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, owó tí ì bá bọ́ ogójì ilé á wá bọ́ ogún. Wọn kì í ro ẹni tí yóò se oúnjẹ náà mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń rà á.

A ò tún ní sọ pé kí ẹ fọwọ́, kí ẹ ka owó lójú ẹni mẹ́ta, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lára agolo. Ẹ ti mọ ìyẹn.

1. Kíkó èlùbọ́ lọ fún ẹni tí kò mọ àmàlà

Ilé tiwa là ń wò nígbà tí a bá ń rajà. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó wà ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Durumi, New Kuchingoro àti Wassa, Borno àti Adamawa ni wọ́n ti wá. Tùwó ni wọ́n ń jẹ, ìbáà ṣe ti àgbàdo, ti jéró tàbí ti ìrẹsì, pẹ̀lú ọbẹ̀ kúkà (ewé igi oṣè gbígbẹ tí a lọ̀) tàbí ilá gbígbẹ. Èlùbọ́ tí ẹ kó lé wọn lọ́wọ́, ọjà ló ń padà sí, ní ìdajì iye tí ẹ rà á. Gàrí kíkan ti Ìjẹ̀bú náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹ fi owó yẹn ra àgbàdo, ẹ lọ̀ ọ́ ní ẹ̀rọ, kí ẹ fi kúkà lílọ̀ àti irú kún un. Dàddáwà ni wọ́n ń pe irú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi obìnrin márùn-ún níbẹ̀ ní ìbéèrè méjì: kí lẹ sè lánàá? Irú iná wo lẹ fi sè é? Ìbéèrè kejì yẹn ni àwọn ẹgbẹ́ tuntun kì í béèrè. Ẹ̀wà gbígbẹ tí a kò rẹ sómi lè jókòó lórí iná fún wákàtí kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ra èédú ní ọ̀rá kékeré lójoojúmọ́ yóò ná owó iná tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ẹ̀wà. Ilé tí iná ti wọ́n, ẹ dín ẹ̀wà kù, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo pọ̀ sí i, nítorí tùwó kì í pẹ́ lórí iná. Tàbí kí ẹ fi ọ̀rá èédú kan kún ẹrù wọn. Èédú kò gbọdọ̀ wọ inú àpò kan náà pẹ̀lú oúnjẹ. Ọṣẹ náà kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ìyẹ̀fun tó bá gba òórùn ọṣẹ, kò sẹ́ni tó ń jẹ ẹ́.

2. Gbígba òṣùwọ̀n ọjà gbọ́

Kóńgò tí ẹ mọ̀ nílé kọ́ ni wọ́n fi ń wọn nǹkan níhìn-ín, múdù ni. Múdù tí wọ́n ti gbá ìdí rẹ̀ wọnú pọ̀ ní ọjà, àti èyí tí wọ́n fi ìka di mú láti inú kó má baà kún. Ẹ má fi múdù ra ọjà púpọ̀. Àpò ìrẹsì máa ń jẹ́ kílò 50, àpò ẹ̀wà àti ti àgbàdo máa ń wà ní àyíká 100, ṣùgbọ́n àpò tí wọ́n ti tú, tí wọ́n sì tún rán padà, pọ̀ lọ́jà. Ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n tí a ń gbé kọ́, èyí tó lè gbé kílò 150, kí ẹ sì wọn àpò kọ̀ọ̀kan kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ yìí yóò mú owó rẹ̀ padà ní ìrajà kejì.

Ìṣirò tó bójú mu fún ilé ẹlẹ́ni márùn-ún nìyí: ìyẹ̀fun àgbàdo kílò 4, ìrẹsì kílò 3, ẹ̀wà kílò 2, òróró lítà 1, iyọ̀ aláyódínì ìdajì kílò, kúkà, irú àti ẹja gbígbẹ tí gbogbo wọn jẹ́ ìdajì kílò. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 11. Fún 80 ilé, kílò 880 nìyẹn: àpò ìrẹsì 5, òróró kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 mẹ́rin (mẹ́ta kò tó, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó tó). Bọ́ọ̀sì Hiace tí a ti tú àga rẹ̀ yóò rù ú, àmọ́ kò ní rù ú pẹ̀lú ẹ̀yin mẹ́fà tí ẹ fẹ́ jókòó lórí ẹrù. Ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn. Sienna kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù; bó bá ti kọjá ìdajì tọ́ọ̀nù, tèèyàn tẹrù, ẹ ti ń ra ṣọ́kì tuntun fún ọlọ́kọ̀ nìyẹn.

Ìgò tí ẹ fọ̀ tí ẹ bu òróró sí nígbà tí kò tíì gbẹ, omi inú rẹ̀ yóò ba òróró jẹ́. Ẹ dojú ìgò dé mọ́jú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyẹ̀fun: gbígbóná ló ń jáde láti inú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá dì í nínú ọ̀rá lójú ẹsẹ̀, yóò làágùn, láàárín ọjọ́ mélòó kan yóò hu. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tapólì mímọ́ títí yóò fi tutù, kí ẹ má sì lọ̀ ju èyí tí ẹ ó pín láàárín ọ̀sẹ̀ kan lọ.

3. Ẹ̀wà tí kò ní kòkòrò kankan ní oṣù Keje

Inú àwọn tuntun máa ń dùn sí irú ẹ̀wà yìí. Ẹ̀rù rẹ̀ ló yẹ kó bà yín. Àwọn kan ṣì ń da oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní DDVP sí ẹ̀wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ní ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títà ìgò kékeré rẹ̀, ti 100 ml. Oògùn yẹn kì í ṣe ti oúnjẹ rárá, fífi omi ṣan ẹ̀wà kò sì tó láti fọkàn balẹ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò, kì í ṣe orí rẹ̀, kí ẹ bu ẹ̀wà jáde kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ta yín nímú, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀. Ẹ̀wà tí kòkòrò mẹ́ta ń rìn nínú rẹ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì.

Àgbàdo àti ẹ̀pà tó ti hu kò ṣeé ṣà jẹ. Oró tí híhu náà ń fi sínú wọn kì í kú lórí iná, fífọ̀ kì í mú un kúrò. Ẹ dà á nù, kí ẹ má sọ pé “wọn á ṣá rí i jẹ”.

Ọ̀rọ̀ ìgbà wá ńkọ́? Oṣù Kejìlá ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pín oúnjẹ, nígbà tí ìkórè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí oúnjẹ kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, tí olóore sì pọ̀ ní gbogbo òpópónà. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni ebi ń jà ní Àríwá, nígbà tí àká ti gbẹ, tí ti oko kò sì tíì gbó. Oṣù wọ̀nyí ni a kì í rí bọ́ọ̀sì kankan. Bí ẹ bá ní owó tó lè ra àpò ogún ní oṣù Kejìlá, ẹ pín márùn-ún, kí ẹ tọ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS ni kí ẹ fi tọ́jú wọn, a ń rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀. Ọ̀rá méjì wà nínú rẹ̀, àpò híhun wà níta. Ẹ da ẹ̀wà sí i, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ so ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ so èkejì lọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ẹ so àpò ìta. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú láìsí oògùn. Ẹ gbé e lórí pákó, kó má kan sìmẹ́ǹtì, kó má fara ti ògiri, kí ẹ sì dẹ pańpẹ́ eku, torí ihò kan ṣoṣo ti ba iṣẹ́ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe máa tú u wò lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀.

Ohun tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú gbọ́dọ̀ gbẹ. Fún àgbàdo, ẹ bu ìkúnwọ́ kan sínú ìgò tó gbẹ, ẹ bu iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ lé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo yẹn ṣì tutù, ẹ padà sá a.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ká wa lára jù rèé: èrò. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024, èèyàn mẹ́wàá kú ní Maitama níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ, ọmọdé mẹ́rin sì wà nínú wọn. Ọjọ́ kan náà ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Okija, ní Anambra. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ọmọ 35 kú ní Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, akẹ́kọ̀ọ́ kú ní Keffi nídìí ìrẹsì. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi nínú àwọn tó ṣètò rẹ̀. Lẹ́yìn ti Maitama ni ọlọ́pàá FCT sọ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó wọn létí. Síbẹ̀ a ṣì ń rí ẹgbẹ́ tó ń fi gbohùngbohùn kéde pé “ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kéde. Ẹ má gbé e sórí WhatsApp. Àpò 80 tí èèyàn 600 gbọ́ nípa rẹ̀, ewu ni.

Káàdì ni kí ẹ lò. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ lọ rí Mai Angwa (olórí àdúgbò), kí ẹ ní kó fún yín ní ẹnì kan, kí ẹ sì bẹ olórí àwọn obìnrin àdúgbò náà, ẹni tó mọ ilé tí ìkòkò ti dojú dé. Ẹ̀yin pẹ̀lú wọn ni kí ẹ jọ rìn láti ilé dé ilé. Ẹ má fi gbogbo káàdì lé ẹnì kan lọ́wọ́ kó lọ pín in. Ẹbí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rántí. Káàdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, òǹtẹ̀ àti aago: 20 fún aago mẹ́jọ, 20 fún mẹ́jọ ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ títí dé mẹ́sàn-án ààbọ̀, kí àwọ̀ ti aago kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Pẹ̀lú tábìlì méjì, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ó tó láti wo káàdì, láti fàmì sí orúkọ, láti bá ìyá arúgbó gbé ẹrù rẹ̀ dé ojú ọ̀nà.

Ilé ni kí ẹ ti di àpò tán. Bíbu ìrẹsì níwájú èrò ló ń fa “tèmi ò pé”. Ẹ má wọ inú ọgbà tó ní ẹnu ọ̀nà kan. Ẹ wá gbalasa, kí ọkọ̀ kọjú sí ọ̀nà àtijáde, kí ẹ ta okùn kí àwọn tó ń bọ̀ má bàa pàdé àwọn tó ń lọ. Àpò ogún ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ wà ní títì. Ẹ tẹ́ ẹní, kí àwọn èèyàn jókòó, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Ẹni tó jókòó kò lè ti ẹni iwájú rẹ̀. Ẹ má ṣe ju nǹkan látorí ọkọ̀ sí ẹnikẹ́ni láéláé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú yín: “ó ti ń tán o”. Ìgbà tí èrò bá gbọ́ ọ ni wọ́n máa ń dìde. Bí àwọn tí kò ní káàdì bá pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí gbogbo èèyàn wà ní ìjókòó, kí Mai Angwa bá wọn sọ̀rọ̀ ní Hausa, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Ẹ má fa ọkọ̀ sá lójijì, wọ́n á sá tẹ̀ lé e, ọmọdé ló sì máa ń wà nítòsí táyà. Àpò tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e lọ sí ilé àwọn tí kò lè rìn ní ìrọ̀lẹ́.

Àwọn kéékèèké:

Ẹ má gbéra ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Nínú Ramadan, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, kí aláàwẹ̀ má dúró nínú oòrùn.

Ẹ má ya àwòrán ojú ẹni tó ń gbà.

Ẹ má gba NIN ẹnikẹ́ni. Orúkọ, iye ará ilé àti nọ́ńbà káàdì tó.

Ẹ má ṣe àpò aṣọ tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí: owó rẹ̀ lè ra òróró.

Ẹ má pín wàrà agolo fún ọmọ-ọwọ́. Omi tí wọn yóò fi pò ó kò dájú, ọyàn ìyá rẹ̀ sì lè gbẹ nítorí ẹ̀. Ìyá ni kí ẹ bọ́. Fún ọmọ tó ti ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹ lọ̀ Tom Brown (ìyẹ̀fun ẹ̀kọ ọmọdé) fún un: múdù jéró mẹ́fà, sóyà mẹ́ta, ẹ̀pà kan, kí ẹ yan án kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Oúnjẹ sísè, a ò gbà yín níyànjú rẹ̀. Ìrẹsì tí ẹ dì sínú ike ní aago mẹ́fà, tí ó délé àwọn èèyàn ní aago kan ọ̀sán, ti di àìsàn. Wákàtí méjì ni oúnjẹ sísè lè fi wà níta. Nínú ooru Àbújá tó bá kọjá 32°C, wákàtí kan ni. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe é, inú kúlà ńlá tó dé dáadáa ni kó wà, kó ṣì máa gbóná janjan nígbà tí ẹ bá ń bù ú.

Kí ọkọ̀ tó kúrò, wọn yóò bi yín pé ọjọ́ wo lẹ tún ń bọ̀. Ẹ̀yìn káàdì ni kí ẹ kọ ọjọ́ náà sí, bí owó rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀. Bí kò bá tíì sí nílẹ̀, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ò tíì mọ̀. Ìyá tó bá ti gbọ́ ọjọ́ lẹ́nu yín yóò fi ìwọ̀nba tó wà nílé gbára lé ọjọ́ yẹn.