Bí mo ṣe ṣa kajú ọdún yìí tán pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn mí

Láti oṣù kejì títí wọ oṣù karùn-ún, kajú ló ni gbogbo wa ní ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Láti Kabba dé Iyamoye, láti Mopa dé Isanlu, tọmọdé tàgbà ló ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi látàárọ̀. Ẹni tí kò ṣa á rí lè rò pé eré ọmọdé ni. Èso tó bá ti pọ́n yóò jábọ́, wàá bẹ̀rẹ̀ mú un, wàá lọ́ kóró ìdí rẹ̀ kúrò, wàá jù ú sí garawa, wàá gbẹ́sẹ̀ kan, wàá tún bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, láti ìdí igi kan dé ìdí èkejì lè jìn bí ọ̀nà Lọ́kọ́ja.

Ìrora tó bá ti lé ní oṣù 3 ni àwọn oníṣègùn ń kà sí bárakú. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Mo ti fi òróró pa á, mo ti mu àgbo, mo ti ra bẹ́líìtì ìbàdí tó ń mú mi làágùn bí ẹni sá eré. Nígbà tí mo ya ẹ́síréè, ẹni tó ka fọ́tò náà fún mi ní eegun mi ti jẹ, kí n má bẹ̀rẹ̀ mọ́ láyé mi. Kí n má bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀! Ṣé òun ni yóò wá bá mi ṣa kajú? Síbẹ̀ mo tẹ̀ lé e fún ìgbà díẹ̀. Ara mi wá le gbagidi, tó fi jẹ́ pé wíwọ bàtà di ohun tí mò ń bẹ ọmọ kí ó bá mi ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin físíò kan, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara ríro, tí ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ bá ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Kò tíì fọwọ́ kàn mí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè: ṣé ìtọ̀ máa ń jáde láìjẹ́ pé mo mọ̀? Ṣé abẹ́ mi ń kú? Ṣé ẹsẹ̀ kan ti ń rọ? Ṣé mo ṣubú láìpẹ́ yìí, àbí ibà ń ṣe mí, àbí mò ń rù láìnídìí? Ó ní bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìwòsàn ló kàn kíákíá, kì í ṣe eré ìdárayá. Kò sí èyí tó ṣe mí. Ó wá gbé fọ́tò náà sókè, ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín.” Ó sọ fún mi pé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2015 tó kó fọ́tò ẹ̀yìn àwọn tí nǹkan kan kò dùn jọ. Nínú àwọn ẹni ogún ọdún, ìdá 37 nínú 100 ni tìmùtìmù àárín eegun ẹ̀yìn wọn ti ń gbó. Nínú àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, ìdá 96. Kò sì dùn wọ́n.

Ohun tó dì mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé bíbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá mi. Bíbẹ̀rẹ̀ lọ́nà kan ṣoṣo fún wákàtí púpọ̀, pẹ̀lú ara tí a kò múra sílẹ̀ fún iṣẹ́, ló ń dá mi lágara. Ó fi kún un pé ìrora tó bá ti pẹ́ máa ń sọ ara di ẹni tó ń tètè ké, kódà nígbà tí nǹkan kan kò tíì bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lóṣù kejìlá ọdún 2023 lórí ẹ̀yìn dídùn tó ti di bárakú, dámọ̀ràn ìlànilọ́yẹ̀ àti eré ìdárayá, wọn kò sì fara mọ́ bẹ́líìtì. Mo fi tèmi jin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń lò ó láti di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà.

Kí kajú tó dé, nígbà ọyẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Mo máa ń kẹ́yìn sí ògiri, n ó sún síwájú díẹ̀, n ó dẹ orúnkún, n ó wá ti ìdí sẹ́yìn títí yóò fi kan ògiri. Ìbàdí ló ń ká nígbà náà, kì í ṣe àárín ẹ̀yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, iṣan ẹ̀yìn itan mi ń fà bí ẹni pé yóò já. Nígbà tó yá, mo fi garawa kékeré tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ kún un, mò ń bù sí i díẹ̀díẹ̀. Mo tún ń dìde lórí àpótí láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́, mo ń rìn.

Lóko, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ní kí wọ́n ro abẹ́ igi mọ́lẹ̀ kedere, kí ojú má baà máa wá kóró lábẹ́ ewé. Lẹ́yìn náà mo pín iṣẹ́ náà sí méjì. Mo dúró, mo fi réèkì olọ́wọ́ gígùn wọ́ èso jọ ní òkìtì òkìtì. Nígbà tí òkìtì bá pọ̀, mo jókòó lórí àpótí, mo lọ́ kóró kúrò. Bí ìjókòó bá sú mi, mo tẹ́ àpò sílẹ̀, mo fi orúnkún kan kúnlẹ̀. Bí ìyẹn náà bá sú mi, n ó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Èyí tó bọ́ sẹ́yìn nìkan ni mò ń bẹ̀rẹ̀ mú, ọwọ́ kan lórí itan, ìdí lẹ́yìn. Àbúrò ọkọ mi rí mi lórí àpótí, ó ní, “Ọ̀kún o, ìyàwó wa! Ṣé ìpàdé ni ẹ wá ṣe?” Mo ní kí ó wá jókòó, òun ni akọ̀wé.

Garawa kò gbọ́dọ̀ ju ààbọ̀ lọ, mo sì ń gbé e mọ́ ikùn. Ẹ dán an wò: ẹ na apá síwájú pẹ̀lú kóńgò kóró kan lọ́wọ́, kí ẹ wá fà á mọ́ àyà. Kóró náà kò dín kù, àmọ́ bí ẹrù ṣe ń jìnnà sí ara ni iṣan ẹ̀yìn, tó sún mọ́ eegun gan-an, ń fi agbára tó pọ̀ ju ẹrù náà lọ fà á padà.

Ó dùn mí o, n kò ní tàn yín. Òfin tí físíò fún mi ni pé bí ìrora bá gbéra díẹ̀ tó sì rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá di ọjọ́ kejì tí kò rọlẹ̀, kí n dín iṣẹ́ kù, kí n má ṣe dùbúlẹ̀ pátápátá. Àwọn àárọ̀ kan wà tí igi díẹ̀ péré ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n mo ṣa tiwa tán kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, n kò sì san owó alágbàṣe bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ààrò gàrí ló kàn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, gbogbo wa ń bẹ̀rẹ̀ lé e lórí nínú èéfín. Bíríkìlà ti wọn ìbàdí mi, ó ní òun á gbé e ga dé ibẹ̀. Owó sìmẹ́ńtì la ń dúró dè.