Bí A Ṣe Ń Bá Atukọ̀ La Omi Ríru Kọjá Nínú Ọkọ̀ Rọ́bà Kékeré

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agbára apá ni a fi ń la omi ríru já. Mo ti rí àwọn tí apá wọn le dáadáa tí wọ́n sọ ìrìn àjò di ìpayà, nítorí pé wọn kò mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n já sínú omi. Mo sì ti rí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wẹ̀ tí ó gúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí pé ó gbọ́ ohun tí atukọ̀ sọ, ó sì ṣe é gẹ́lẹ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ. Ọkọ̀ tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ọkọ̀ rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, tí gígùn rẹ̀ máa ń tó nǹkan bíi mítà 4, tí èrò 6 tàbí 8 ń jókòó sí etí rẹ̀, tí atukọ̀ sì ń darí wọn láti ẹ̀yìn.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí odò náà ṣe le tó. Òdiwọ̀n tí a ń lò káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 1, tí omi kàn ń ṣàn jẹ́jẹ́, títí dé ìpele 6, tí àwọn ògbóǹtarìgì pàápàá kì í sábà dán wò. Ẹni tí ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ohun tí ó ń wá kọjá ìpele 3. Ẹ béèrè bí omi ṣe ga tó ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí òjò ńlá kan lè gbé odò tí ó rọrùn lánàá kúrò ní ìpele rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wẹ̀, tàbí bí èjìká yín bá ti yẹ̀ rí, ẹ sọ fún atukọ̀ kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Atukọ̀ tí ó bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ fi í sílẹ̀ kí ẹ wá òmíràn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò gùn. Òwú máa ń mu omi, ó sì ń mú kí òtútù wọ ara, nítorí náà ẹ fi aṣọ òwú sílẹ̀. Aṣọ tí ó tètè ń gbẹ tàbí èyí tí a fi irun àgùntàn hun ni ó dára. Bí omi bá tutù, ẹ wọ aṣọ rọ́bà amúmọ́ra tí wọ́n bá fún yín, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn, nítorí omi ń gba ooru lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po 25 bí atẹ́gùn ṣe ń gbà á. Sálúbàtà kò ṣe é wọ̀. Àwọn kan ń ra bàtà odò olówó iyebíye, ṣùgbọ́n bàtà kánfáàsì àtijọ́ tí a so okùn rẹ̀ le ni èmi ń wọ̀, kò sì tíì já mi kulẹ̀. Irú okùn bàtà bẹ́ẹ̀ ni mo fi ń so awò ojú mọ́ ẹ̀yìn orí. Fóònù ń dúró sí èbúté.

Ẹ̀wù ìléfòó nìkan ni ohun ìmúra tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Ẹ de gbogbo ìdè rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, kí ó fún mọ́ra bí ẹni pé a gbá yín mọ́ra, kí ẹ sì ní kí ẹnì kejì yín fi ọwọ́ méjèèjì fa ibi èjìká rẹ̀ sókè. Bí ó bá gòkè dé etí, kò tíì fún tó. Lẹ́yìn tí omi bá kọ́kọ́ ta sí wa lára, mo máa ń tún ìdè náà fà, nítorí ó sábà máa ń dẹ̀ bí ó bá ti tutù. Ẹ̀yin náà ẹ fà á. Akoto gbọ́dọ̀ bo iwájú orí, kì í ṣe kí a tì í sẹ́yìn bíi fìlà aláfẹ́.

Àjẹ̀ tí wọn yóò fún yín ní orí tí ó dà bíi lẹ́tà T. Ọwọ́ kan kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí T yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí àjẹ̀ tí a kò di orí rẹ̀ mú ni ó ń lu ẹnu ẹni tí ó jókòó tì wá. Eyín àti imú ni ó sì máa ń bá. Ẹ jókòó sí etí ọkọ̀ gan-an, kí ẹ ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rọ́bà ńlá tí ó dábùú inú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá lọ jókòó sí àárín nítorí ẹ̀rù, àjẹ̀ wọn kò sì ní kan omi rárá.

Àṣẹ tí atukọ̀ ń pa kò pọ̀: kí a wà á síwájú, kí a wà á sẹ́yìn, kí a dúró, kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sínú ọkọ̀, kí a sì sún sí apá kan. Kí gbogbo yín máa wà á lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú àwọn tí ó wà níwájú. Nígbà tí ìgbì ńlá bá yọjú, àwọn ènìyàn máa ń gbé àjẹ̀ sókè kí wọ́n sì pariwo, ìgbà yẹn gan-an sì ni ó yẹ kí àjẹ̀ wà nínú omi, nítorí ọkọ̀ tí kò ní eré kò gbọ́ ti atukọ̀. Bí ọkọ̀ bá fẹ̀gbẹ́ gbá àpáta, ẹ má ṣe sá fún un. Ẹ fi ara yín tì sí apá ibi tí àpáta wà; bí ẹ bá sá sí apá kejì, omi yóò gun etí ọkọ̀, yóò sì dojú rẹ̀ dé.

Wàyí o, ibi tí mo ti rí àṣìṣe tí ó burú jù lọ ni ìgbà tí ènìyàn bá já sínú omi. Jíjá kì í ṣe ìtìjú. Ohun tí ó léwu ni pé ara fúnra rẹ̀ yóò fẹ́ dìde dúró, pàápàá nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kan ilẹ̀. Ẹ má ṣe dúró. Ìsàlẹ̀ irú odò bẹ́ẹ̀ kún fún òkúta tí àlàfo wà láàárín wọn. Bí ẹsẹ̀ bá ki bọ ọ̀kan, omi tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti ara síwájú, yóò sì tẹ orí rì, omi náà ì báà má ju itan lọ. Ẹ̀wù ìléfòó kò lè gba ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há, nítorí agbára omi náà ju tirẹ̀ lọ. Mo máa ń tún ọ̀rọ̀ yìí sọ títí tí àwọn tí a jọ ń lọ yóò fi máa wò mí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mi ti sú wọn. Síbẹ̀, ọkùnrin kan tí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu mi dìde dúró nínú omi tí kò kọjá orúnkún rẹ̀ púpọ̀. Bàtà rẹ̀ kan ni ó fi sílẹ̀ fún odò, orí sì bá a ṣe é.

Kí ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi ni ó tọ́, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kọjú sí ibi tí omi ń lọ, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yọ sókè, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀ kí ó lè gba ìkọlù bí ẹ bá pàdé àpáta. Ẹ mí nígbà tí ẹ bá wà láàárín ìgbì méjì, kì í ṣe nígbà tí ìgbì bá ń wó lé yín lójú. Bí ẹ bá yọ sábẹ́ ọkọ̀, ẹ fi ọwọ́ ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ máa rá ọwọ́ lọ sí apá kan ṣoṣo títí ẹ óò fi jáde. Ẹni tí ó bá ń yí ìpinnu padà ni ó ń pẹ́ níbẹ̀. Èmi kì í dìde títí ìdí mi yóò fi jókòó lórí ilẹ̀ létí odò, níbi tí omi ti dákẹ́.

Igi tí ó wó sínú odò nìkan ni a kì í fi ẹsẹ̀ pàdé. Ó dà bí asẹ́: omi ń gbà á kọjá, ènìyàn kò lè gbà á kọjá. Ẹ dojú bolẹ̀ kí ẹ fi gbogbo agbára lúwẹ̀ẹ́ kúrò ní ọ̀nà rẹ̀, bí kò bá sì ṣeé yà fún mọ́, ẹ fi orí ṣíwájú, kí ẹ fò gun orí rẹ̀ bí ẹ ti ń dé ibẹ̀.

Bí atukọ̀ bá ju okùn sí yín, okùn gan-an ni kí ẹ dì mú, kì í ṣe àpò rẹ̀, nítorí okùn ṣì lè máa tú jáde láti inú àpò. Ẹ gbé e gba orí èjìká, kí ẹ dì í mọ́ àyà, kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí ẹni tí ń fà yín. Ẹ má ṣe yí i mọ́ ọwọ́ láéláé, kí ẹ lè jù ú sílẹ̀ bí ó bá há.

Ẹni tí yóò fa ẹlòmíràn wọ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fa apá rẹ̀, nítorí èjìká lè yẹ̀. Kí ó di ibi èjìká ẹ̀wù ìléfòó mú, kí ó fi orúnkún ti etí ọkọ̀, kí ó sì ṣubú sẹ́yìn sínú ọkọ̀, kí ẹni náà wó lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye ara yín, ẹ ṣa àjẹ̀ tí ó léfòó, kí olúkúlùkù sì tún ki ẹsẹ̀ bọ ààyè rẹ̀ kí omi ríru tí ó kàn tó dé.