Bí A Ṣe Ń Dá Ọ̀rọ̀ Àpọ́nlé Mọ̀ Nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Òfin tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dì mú ṣinṣin ni pé “ly” ni ó máa ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé (adverb) Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń sọ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀ tàbí ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Òfin náà wúlò, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé pátápátá, nítorí pé “friendly” àti “lovely” ní “ly” nídìí, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ àpèjúwe (adjective), tí ó ń júwe ènìyàn tàbí nǹkan, ni wọ́n, nígbà tí “soon”, “often” àti “here” kò ní in, tí wọ́n sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé.

Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ ìṣe (verb) inú gbólóhùn, kí ẹ wá béèrè báwo, nígbà wo, níbo àti ẹ̀ẹ̀melòó. Ẹ wo gbólóhùn yìí, tí yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó ń wọ ọkọ̀ láti Mararaba lọ sí àárín ìlú Àbújá: “The driver often stops abruptly at Nyanya.” “Stops” ni ọ̀rọ̀ ìṣe. Báwo ni awakọ̀ ṣe ń dúró? “Abruptly” ni ìdáhùn. Ṣé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòrèkóòrè? “Often” ti dáhùn. “At Nyanya” náà sọ ibi tí ó ti ń dúró, ṣùgbọ́n àpólà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí ìdánwò bá ní kí ẹ fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé, ẹ fi “at Nyanya” sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tún lè pọ́n ọ̀rọ̀ àpèjúwe lé, bíi “very” nínú “Sokoto is very hot in April.”

Àwọn ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ó ń sọ bí nǹkan ṣe ń wáyé lóòrèkóòrè tó, bíi “always”, ní ipò tiwọn. Iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe ni wọ́n ń wà, bíi “She always buys fura in Wuse Market”, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn “is” ni wọ́n ń bọ́ sí: “She is always late.”

Ibi tí ó léwu jù ni ti àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ara wọn. “He works hard” túmọ̀ sí pé ẹni náà ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́. “He hardly works” túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá tí ó bá kọ èkejì sínú lẹ́tà tí ó fi ń yin òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún iléeṣẹ́ ìjọba kan ti ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. “Hardly” ti gbé ìyísódì (ìtumọ̀ “kò”) dání, nítorí náà ẹ má fi “not” kún un. “I can hardly hear you” ti tó.

“Well” ni a fi ń pọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe lé, kì í ṣe “good”: “She cooks well.” Síbẹ̀, “The suya smells good” ni ó tọ̀nà, nítorí pé súyà fúnra rẹ̀ ni a ń júwe.

Ní ti “only”, ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ pààlà sí ni kí ẹ fi í sí. “Only Musa greeted the principal” sọ pé kò sí ẹlòmíràn tí ó kí ọ̀gá ilé ìwé. “Musa greeted only the principal” sọ pé Musa kò kí àwọn olùkọ́ yòókù.